Àwòrán Angelus: Ṣé Òkú Ọmọ Ni Àwọn Àgbẹ̀ Méjì Yìí Ń Sin?

Bí ẹ bá ń lo fóònù, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti pàdé àwòrán yìí. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan dúró nínú oko lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, wọ́n tẹrí ba, agbọ̀n kan wà nílẹ̀ láàárín wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń kọ sábẹ́ rẹ̀ ló ń da àwọn èèyàn lọ́kàn rú. Wọ́n á ní agbọ̀n kọ́ ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé pósí ọmọ ọwọ́ ni. Wọ́n á ní àwọn méjèèjì ń sin ọmọ wọn ni, àti pé ẹ́ksíréè ló tú àṣírí náà. Àwọn kan á tún fi iyọ̀ sí i pé ayàwòrán náà fi ọ̀dà bo pósí mọ́lẹ̀ nígbà tó rí i pé kò sẹ́ni tí yóò fẹ́ ra àwòrán ìsìnkú.

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àbùmọ́ sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ya ẹ́ksíréè lóòótọ́. Nǹkan kan wà lábẹ́ ọ̀dà lóòótọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni bí wọ́n ṣe sọ nǹkan náà di pósí. Ohun tó tún yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ òkú kò ṣàì wọ inú àwòrán náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà mìíràn ló gbà wọ̀ ọ́.

Kí ló wà nínú àwòrán náà gan-an?

Orúkọ rẹ̀ ní èdè Faransé ni L'Angélus. Jean-François Millet, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló yà á láàárín ọdún 1857 sí 1859. Kò tóbi rárá: gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 55.5, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 66. Ẹ lè há a sí abíyá kí ẹ sì máa bá tiyín lọ. Òkìkí rẹ̀ nìkan ló máa ń jẹ́ kí èèyàn rò pé yóò gba ògiri tán.

Ọkùnrin ló wà lápá òsì wa. Ó ti ṣí fìlà, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú níwájú ara rẹ̀. Obìnrin wà lápá ọ̀tún, ó fi ẹ̀gbẹ́ kọ sí wa, ó pa ọwọ́ pọ̀ mọ́ àyà. Fọ́ọ̀kì oko, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n fi ń wa pòtétò, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà, ó gún un mọ́lẹ̀ lóòró. Pòtétò tí wọ́n ti wà ló wà nínú agbọ̀n. Lẹ́yìn obìnrin, bárò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kó àpò lé lórí. Oòrùn ń wọ̀, ẹ̀yìn wọn ni ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀, ìdí nìyẹn tí òkùnkùn fi bo ojú àwọn méjèèjì tí a kò fi lè mọ̀ wọ́n ní ẹni báyìí. Ní ọ̀nà jíjìn, lápá ọ̀tún, ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì kan yọ ṣóńṣó. Ìlú Chailly ni ṣọ́ọ̀ṣì yẹn wà, nítòsí ibi tí Millet ń gbé. Ẹ má gbójú fo ṣóńṣó kékeré yẹn o, nítorí òun ló sọ fún wa ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ọ̀dà olóróró ló fi yà á. Ìyẹn ni àwọ̀ tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n fi òróró pò, tí wọ́n sì fi búrọ́ọ̀ṣì kùn sórí aṣọ kánfáàsì. Irú ọ̀dà yìí kì í tètè gbẹ, ayàwòrán sì lè kun ìpele kan lé òmíràn lórí fún oṣù tàbí ọdún. Ohun tó kọ́kọ́ yà kò parẹ́. Abẹ́ ibẹ̀ ló ń gbé. Gbogbo awuyewuye pósí yìí, abẹ́ ibẹ̀ yẹn ló ti wá.

Kí ni Angelus?

Àwọn ọmọ Ìjọ Kátólíìkì tó wà láàárín wa, àwọn tí ará Èkó ń pè ní Àgùdà, ti mọ ìdáhùn. Angelus ni àdúrà tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń pe ènìyàn sí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́: ní nǹkan bí aago mẹ́fà òwúrọ̀, ní ọ̀sán gangan, àti ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Àdúrà náà ń rántí bí áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì ṣe mú ìròyìn tọ Màríà wá pé yóò bí Jésù.

Ní abúlé ilẹ̀ Faransé láyé ìgbà yẹn, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni aago àgbẹ̀. Bó bá ti dún nírọ̀lẹ́, ẹni tó ń ro oko á dáwọ́ dúró, ọkùnrin á ṣí fìlà, wọn á gbàdúrà, lẹ́yìn náà ni wọn á palẹ̀ mọ́ lọ sílé. Àwọn méjì inú àwòrán ti gbọ́ agogo láti Chailly. Ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn.

Millet fúnra rẹ̀ ṣàlàyé ibi tó ti rí i. Nínú lẹ́tà kan tó kọ ní 1865, ó ní ìyá òun àgbà lòun rántí. Bí wọ́n bá wà lóko tí màmá náà gbọ́ agogo, dandan ni kí gbogbo wọn fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì ka Angelus fún àwọn òkú, àwọn aláìní tó ti kọjá lọ. Òkú tí mo ní ó wọ inú àwòrán yìí nìyẹn. Wọn kò sí nínú agbọ̀n, wọn kò sí lábẹ́ ilẹ̀ oko pòtétò. Ẹnu àwọn tó ń gbàdúrà ni wọ́n wà. Ẹni tó bá wo àwòrán náà tí àyà rẹ̀ já, tó ní òun ń gbóòórùn ọ̀fọ̀ níbẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà.

Ta ni Millet, kí ló sì dé tó fi ń ya àgbẹ̀?

Wọ́n bí i ní 1814 ní Gruchy, abúlé kékeré kan nítòsí òkun ní ẹkùn Normandie. Àgbẹ̀ ni wọ́n nínú ilé wọn, òun náà sì ṣe iṣẹ́ oko kí ó tó lọ kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní Cherbourg àti ní Páríìsì. Ní 1849, nígbà tí àrùn onígbáméjì ń jà ní Páríìsì, ó kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Barbizon, abúlé kan létí igbó Fontainebleau. Ibẹ̀ ló gbé títí ó fi kú ní oṣù Kìíní ọdún 1875.

Láyé rẹ̀, àwòrán tó níyì ni ti ọba, ti ogun, ti àwọn òrìṣà Gíríìkì, ti ìtàn Bíbélì. Bí wọ́n bá tiẹ̀ máa ya àgbẹ̀, wọn á yà á bí ẹni tó ń jó, tó ń mutí, tí aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Millet ya àgbẹ̀ tó ti rẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Ní 1857 ó gbé àwòrán àwọn obìnrin mẹ́ta tó ń pèéṣẹ́ síta, àwọn tálákà tó ń ṣa ọkà tó já bọ́ lẹ́yìn ìkórè, inú àwọn olówó kò sì dùn sí i rárá. Ọdún 1848 kò tíì jìnnà sí wọn, ọdún tí mẹ̀kúnnù dìde lé ọba kúrò lórí oyè. Tálákà tí wọ́n yà tóbi báyẹn jọ ìhàlẹ̀ lójú wọn.

Angelus ní tirẹ̀ bọ́ sí i lára wọn. Àgbẹ̀ tó ń gbàdúrà kì í bá ọba jà. Ó sì ṣeni ní kàyéfì pé Millet fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì déédéé.

Ibo ni ọ̀rọ̀ pósí ti wá?

Ọwọ́ Salvador Dalí ni, ayàwòrán ará Sípéènì tí mùsítáàsì rẹ̀ gùn lọ sókè bí ìwo. Wọ́n bí i ní 1904. Ó sọ pé ẹ̀dà àwòrán Angelus kan wà lára ògiri ilé ẹ̀kọ́ tí òun lọ ní kékeré, pé láti ìgbà náà ni ìbẹ̀rù rẹ̀ ti wọ òun lára. Ní àwọn ọdún 1930 ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn méjì yìí láìmọye ìgbà: ó sọ wọ́n di òkúta, ó sọ wọ́n di ilé gogoro tó ti wó. Ó tún kọ odindi ìwé lé wọn lórí, èyí tó jáde ní 1963.

Ohun tó rí níbẹ̀ kò mọ ní ẹyọ kan. Ó ní obìnrin náà dúró bí kòkòrò kan tí abo rẹ̀ máa ń jẹ akọ lẹ́yìn tí wọ́n bá gun ara wọn tán. Ó ní fìlà ọkùnrin náà ń bo nǹkan tí ojú kò gbọ́dọ̀ rí. Ó sì ní àwọn méjèèjì ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ. Kí ẹ mọ irú ẹni tí a ń sọ: Dalí wà lára àwọn ayàwòrán tí wọ́n gbà pé àlá àti èrò tó fara sin sínú ọkàn ló yẹ kí èèyàn máa yà. Ó ń sọ ohun tí àwòrán náà ṣe sí òun. Àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kiri ló sọ ọ́ di ìròyìn.

Ṣùgbọ́n kò dúró lórí ẹnu lásán. Louvre, mùsíọ́ọ̀mù ńlá kan ní Páríìsì, ni àwòrán náà wà nígbà náà, Dalí sì rọ̀ wọ́n kí wọ́n ya ẹ́ksíréè rẹ̀. Wọ́n yà á. Nítòsí ilẹ̀, ní sàkáání agbọ̀n, wọ́n rí nǹkan kan tó ní igun, tó jọ àpótí, tí ọ̀dà ti bò. Ọ̀rọ̀ ti délẹ̀ lójú Dalí: pósí nìyẹn.

Kí ni ẹ́ksíréè lè sọ fún wa, kí ni kò lè sọ?

Bí ẹ bá lọ ya ẹ́ksíréè ní ọsibítù, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí yẹn máa ń kọjá lára ẹran, eegun á sì dá a dúró. Eegun ló ń yọ funfun nínú fọ́tò. Nínú àwòrán olóróró, òjé ló ń ṣe iṣẹ́ eegun. Láyé Millet, ọ̀dà funfun tí gbogbo ayàwòrán ń lò, òjé ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n sì ń pò ó mọ́ àwọ̀ mìíràn láti mú un mọ́lẹ̀. Ibi tí òjé bá pọ̀ sí, ẹ́ksíréè kò ní lè kọjá. Ibi tí kò bá sí, yóò kọjá.

Nítorí náà, ẹ́ksíréè ń fi ibi tí òjé wà hàn wá, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ìpele ọ̀dà, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, ló máa ń pa pọ̀ sójú kan. Kò lè sọ pé èyí ni àpótí, èyí ni òkúta, èyí ni agbọ̀n tí wọ́n kọ́kọ́ yà tí kò dára. Kò sì lè sọ èrò ọkàn ẹni tó yà á.

Ẹ wo ògiri yàrá tí wọ́n ti fi háyà fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ há ọ̀dà òkè kúrò, ẹ ó bá àwọ̀ ewé, ẹ há àwọ̀ ewé, ẹ ó bá búlúù. Ẹ ti mọ̀ pé ẹnì kan kùn ún ní búlúù rí. Ìjà tí tọkọtaya tó gbé ibẹ̀ jà lọ́dún yẹn, ògiri kò ní sọ ọ́.

Kí wá ni nǹkan tó wà lábẹ́ agbọ̀n náà?

Nǹkan onígun tí Millet kọ́kọ́ yà tí ó sì pa rẹ́ ni. Ibi tí ẹ̀rí dé nìyẹn. Ayàwòrán tí kì í yí ọkàn padà kò wọ́pọ̀: wọn á gbé apá sókè, wọn á rò ó wò, wọn á gbé e sílẹ̀. Millet tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó máa ń kun àwòrán tuntun lé odindi àwòrán àtijọ́ lórí. Ní mùsíọ́ọ̀mù ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àwòrán rẹ̀ kan wà tó fi ọ̀dọ́mọbìnrin olùṣọ́-àgùntàn hàn. Ní 1984 ẹ́ksíréè fi hàn pé abẹ́ rẹ̀ ni àwòrán ìgbèkùn àwọn Júù ní Bábílónì wà, àwòrán ńlá tí Millet ti gbé síta ní 1848 tí wọ́n sì ti rò pé ó sọnù. Kò sẹ́ni tó wá sọ pé ọmọbìnrin náà ń sin àwọn Júù.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ gba ti pósí yẹ̀ wò bí ẹni pé òótọ́ ni. Àgbẹ̀ Kátólíìkì tọ́mọ bá kú fún, ilẹ̀ ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò gbé e lọ, pẹ̀lú àlùfáà. Ẹni tó gba ti Dalí lè ní bóyá ọmọ tí wọn kò tíì ṣèrìbọmi fún ni, irú èyí tí ìjọ kì í sin sí ilẹ̀ mímọ́ nígbà yẹn. Àbá yẹn kò burú. Ṣùgbọ́n kí ni bárò tó kún fún àpò ń ṣe níbi ìsìnkú? Ta ló ń wa pòtétò lọ́jọ́ tó ń sin ọmọ? Kò sí sàréè tí wọ́n gbẹ́ nínú àwòrán náà. Millet kọ lẹ́tà nípa àwòrán yìí, ìyá àgbà àti agogo ló mẹ́nu bà. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó yà á wúwo ju òjìji lórí fíìmù lọ.

Ó jọ pé àtúnṣe tó ṣe pàtàkì jù nínú àwòrán náà kò sí nísàlẹ̀ rárá. Ará Boston kan, Thomas Gold Appleton, ló bẹ Millet níṣẹ́, ṣùgbọ́n kò wá gbé e. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé àdúrà fún ìkórè pòtétò ni wọ́n pè é tẹ́lẹ̀, pé lẹ́yìn tí oníbàárà kò yọjú ni Millet fi ilé agogo kún un, tó sì yí orúkọ padà. Ẹ fi ọwọ́ bo ṣóńṣó yẹn, kí ẹ sì tún wo àwòrán náà. Láìsí agogo, àwọn méjì tí wọ́n dákẹ́ sórí agbọ̀n ló kù, a kò sì mọ ìdí. Ó ṣeé ṣe kí èèyàn ro ohunkóhun nípa wọn nígbà náà.

Kí ló gbé owó rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀?

Ní 1860, nǹkan bí 1,000 fráǹkì ni wọ́n ta á. Ó ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ lẹ́yìn náà, owó rẹ̀ ń gun òkè. Nígbà tó máa di 1889, ọwọ́ Eugène Secrétan ló wà, oníṣòwò bàbà tó gbìyànjú láti kó bàbà gbogbo ayé jọ sọ́wọ́ ara rẹ̀ kí ó lè tà á ní iye tó wù ú. Ìgbìyànjú náà fọ́ mọ́ ọn lórí, gbèsè wọlé, wọ́n sì kó àwọn àwòrán rẹ̀ sí gbàǹjo ní Páríìsì ní oṣù Keje.

Angelus ni gbogbo èèyàn wá torí rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi owó lé owó. Antonin Proust, tó ti ṣe mínísítà ètò iṣẹ́ ọnà rí, dúró fún ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí òòlù tí wọ́n fi ń parí gbàǹjo máa balẹ̀, 553,000 fráǹkì ni, Proust ló sì borí. Ayọ̀ sọ láàárín àwọn ará Faransé, wọ́n ní ohun ìní ìlú kò lọ. Ó kù kí ìjọba sanwó, àwọn aṣòfin kò sì fọwọ́ sí i. Báyìí ni àwòrán náà ṣe bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ oníṣòwò àwòrán kan ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé e káàkiri àwọn ìlú wọn kí èèyàn lè sanwó wò ó. Ní 1890, Alfred Chauchard, tó ní ilé ìtajà ńlá kan ní Páríìsì, rà á padà ní nǹkan bí 750,000 fráǹkì. Nígbà tó kú ní 1909, ó ti fi í sílẹ̀ fún ìjọba nínú ìwé ìhágún rẹ̀. Louvre ló kọ́kọ́ lọ. Níbẹ̀ ni ọkùnrin kan ti fi ọ̀bẹ ya á ní 1932, wọ́n sì tún un ṣe. Láti 1986 ni ó ti wà ní mùsíọ́ọ̀mù Musée d'Orsay, ní etí odò Seine ní Páríìsì.

Kí ló kan ìdílé Millet nínú gbogbo owó yìí?

Kò sí. Nígbà gbàǹjo 1889, ọdún 14 ti kọjá tí Millet ti kú. Ẹni tó rà á ní 1,000 ti jèrè, ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ti jèrè, Chauchard ti gba ìyìn, àwọn tí baba wọn fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà á kò rí sísì. Ọ̀rọ̀ yìí dun àwọn ará Faransé tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń fi Angelus ṣe àpẹẹrẹ nígbàkigbà tí wọ́n bá ń jiyàn lórí ẹ̀tọ́ ayàwòrán. Ní 1920 wọ́n ṣòfin: bí wọ́n bá tún àwòrán tà, ìdá díẹ̀ nínú owó náà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó yà á, tàbí àwọn àrólé rẹ̀.

Òfin náà tàn kálẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti Nàìjíríà ní abala tirẹ̀ lórí rẹ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ẹ̀tọ́ náà wà fún ayàwòrán nígbà ayé rẹ̀, ó sì tún wà fún àwọn àrólé fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí wọ́n lè gbà lórí títà ẹ̀ẹ̀kan kò lè ju 12,500 yúrò lọ. Ká ní irú òfin bẹ́ẹ̀ ti wà nígbà tí òòlù balẹ̀ lórí 553,000 fráǹkì, àwọn ọmọ Millet ì bá ti wà lára àwọn tí wọ́n á kọ́kọ́ sanwó fún.